Yìnyín àkọ́rọ̀: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí òkè

Ọmọ Ìdànrè, Denver

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Oṣù Kọkànlá ti wọlé, yìnyín ti bo orí àwọn òkè Colorado, àwọn onísíkì tó wà láàárín wa, àwa tí ń fi pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, sì ti ń bèèrè ibi tí a lè lọ. Àwa ọmọ Yorùbá tó ń gun òkè yìnyín kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ń pọ̀ sí i. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí yìnyín ṣe ń ya lulẹ̀ lórí òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní avalanche, wá sọ ọ́ síbí kí ìjì ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ti inú ọgbà síkì tí a ń sanwó wọ̀ ni mo ń wí. Nínú ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á ti fi bọ́ǹbù já èyí tó fẹ́ ya kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ti òkè gbalasa ni mo ń wí, níbi tí èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè, tí kò sí ẹni tó ti bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa rèé: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún síkì, ibi tí yìnyín ti pọ̀ tó láti yọ̀ lórí rẹ̀ gan-an ni ibi tó yẹ ká bẹ̀rù jù lọ. Ohun kan náà ló fa méjèèjì.

Yìnyín àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ níbí ní oṣù Kẹwàá. Oòrùn Colorado kì í ṣe kékeré. Kò pẹ́ tí yóò fi yọ́ gbogbo èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù. Èyí tó máa ń ṣẹ́kù ni ti ẹ̀gbẹ́ àríwá àti ti ìlà-oòrùn, lókè pátápátá, níbi tí òjìji wà jù. Kò jìn, ó lè máà dé orúnkún. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 0°C, ṣùgbọ́n lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, ojú yìnyín lókè lè tutù dé −12. Bí yìnyín bá jìn, ìyàtọ̀ yẹn á ti pín kiri inú rẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 péré, ìyàtọ̀ dígírì mẹ́rin ló máa wà nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ dígírì kan ti tó láti bà á jẹ́. Ọ̀rinrin á máa gòkè láti ìsàlẹ̀, á máa dì mọ́ ara hóró tó wà lókè, hóró náà á máa tóbi, á máa yọ igun, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá bù ú sọ́wọ́, bíi gàárì gbígbẹ ló rí: ẹ fún un títí, kò ní dì, á kàn máa dà gba àárín ìka yín ni.

Nígbà tó bá di oṣù Kọkànlá, ìjì á dé. Afẹ́fẹ́ á gbá yìnyín tuntun jọ sórí yìnyín oníhóró yìí. Ti òkè á le, ti ìsàlẹ̀ kò ní agbára tó lè gbé e. Àwa onísíkì náà á dé, a ó wo òkè yíká, gbogbo ibòmíràn ló jẹ́ òkúta àti koríko. Níbo la fẹ́ lọ? Ibẹ̀ náà ni.

Mo rí i ní Berthoud Pass, lójú ọ̀nà US 40. Ọ̀nà náà ga tó mítà 3,446 níbẹ̀, ó sì rọrùn láti Denver dé, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń kún ẹ̀bá títì bí yìnyín bá ti bọ́. Èmi àti ẹnìkejì mi ń gòkè láàárín igi, a ti lẹ aṣọ onírun mọ́ ìdí síkì kó má baà yọ̀ sẹ́yìn. Ibi tí a wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá. Àfi gbùm̀! lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gbogbo yìnyín àyíká wa rì lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n ìbú ìka kan. Èyí tó wà lórí ẹ̀ka igi tó wà níwájú já bọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láti ẹnu síkì mi, ó sáré gba àárín igi méjì kọjá, a ò rí òpin rẹ̀. A dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró lápá òsì, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí a kò tíì dé, tí a kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti gbà. Odindi ojú rẹ̀ ti ya kúrò lára òkè, ó ti ṣàn sínú kòtò ìsàlẹ̀ tòun ti èèpẹ̀ àti ẹ̀ka igi. Níbi tó ti já, koríko ló hàn.

Ẹ wò ó, a kò fẹsẹ̀ kan ibi tó ya yẹn rárá. Ibi pẹrẹsẹ tí a tẹ̀ ló já a láti ọ̀nà jíjìn. Yìnyín oníhóró so kọ́ra lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá rì níbì kan, rírì náà á máa sá lọ títí yóò fi kan ibi tí òkè ti dà, ibẹ̀ ni yóò sì ti ya. Kí a tó yí padà, mo fi ṣọ́bìrì gé ògiri yìnyín wò níbi tí a dúró sí. Ìdajì òkè funfun, ó le, ṣọ́bìrì ń dún lára rẹ̀. Ìdajì ìsàlẹ̀ dúdú díẹ̀, hóró rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Mo fi ìka kan kàn án, ó dà sílẹ̀ wuruwuru, ti òkè wá ṣẹ́kù lófuurufú láìsí ohun tó gbé e dúró.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?


Nọ́ọ̀sì Salt Lake

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Utah ni mo wà, ọ̀rọ̀ wa kò jìnnà síra.

Èmi fẹ́ sọ ti òkúta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí avalanche ń ṣe ò ju pé kó bo èèyàn mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì hú u jáde. Ní oṣù Kọkànlá, yìnyín kò tíì bo òkúta, kò tíì bo kùkùté igi. Kò dìgbà tó bá bo èèyàn mọ́lẹ̀ kó tó pa á. Ohun tó bá wọ́ ọ gbà kọjá ti tó.

Jamie Pierre, onísíkì tí gbogbo ayé mọ̀, tó fò láti orí àpáta tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 250 lọ ní ọdún 2006 tí kò kú, ọgbà síkì Snowbird ló kú sí níbí ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2011. Ọgbà kò tíì ṣí fún ọdún náà. Yìnyín ya, ó wọ́ ọ gba orí àpáta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọgbà síkì tí kò tíì ṣí kì í ṣe ọgbà, òkè gbalasa ni. Wáyà àti àga tó ń gbé onísíkì gòkè ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, àmì ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì fi bọ́ǹbù já ohunkóhun.

Èyí tí èmi fojú rí, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi wà nísàlẹ̀ níbi tí kò dà, a ń fi síkì rìn lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè wa. Ìyàwó dúró, ọkọ ló kọ́kọ́ yọ̀ wálẹ̀. Kò tíì yí síkì lẹ́ẹ̀mejì tí yìnyín fi là lókè orí rẹ̀. Kò nípọn ju itan lọ, kò fẹ̀ ju ilé kan lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní kí ni èyí fẹ́ ṣe? Ó gbé e, ó gbá a mọ́ òkúta kan, ó gbé e lọ sí èkejì, ó sì jù ú sílẹ̀ sórí yìnyín. Kò bò ó rárá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, akoto rẹ̀ ti là láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òsì kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Egungun itan ni. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe: mo di ẹsẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ọ̀pá síkì méjì, a fi gbogbo jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ wa wé e, mo ń bá a sọ̀rọ̀ kó má baà sùn. Òtútù ń yára mú ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Àwọn adóòlà ẹ̀mí fi ọmọlanke orí yìnyín gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó yè, ó ń rìn lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Akoto yẹn ló gbà á.


Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ káàsán o. Èmi kò tíì fojú kan òkè yìnyín rí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì ní Colorado, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lánàá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí òkè funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bí mo bá ní kó má lọ mọ́, yóò lọ, kò kàn ní sọ fún mi ni. Ẹ bá mi wá ìbéèrè tí mo lè bi í, tí yóò fi mọ̀ pé mo mọ ohun tí mo ń sọ.


Ọmọ Ìdànrè, Denver

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè.

Ẹ bi í pé: kí ni CAIC sọ fún òní nípa ibi tí o ń lọ? Iléeṣẹ́ ìjọba Colorado tó ń ṣọ́ yìnyín nìyẹn, Colorado Avalanche Information Center. Ọ̀fẹ́ ni ìròyìn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde nígbà yìnyín. Ipele ewu márùn-ún ló wà. Kó sọ iye tó jẹ́ fún yín, kó sì sọ apá òkè tí wọ́n ní kí èèyàn yàgò fún. Bí ó bá dáhùn pé ipele kẹta ni, kó má wulẹ̀ sọ pé àárín ni. Ipele kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí, torí kò dẹ́rù bani tó kẹrin, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹnì kan ti tó láti já yìnyín.

Ẹ bi í pé: báwo ni ibẹ̀ ṣe dà tó? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti ń ya jù. Fóònù rẹ̀ lè wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá wà lórí èyí tí kò tó 30, tí kò sì sí èyí tó dà jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè orí wọn, ẹ lè jẹun yín, mà.

Kẹta, ẹ bi í nípa ọ̀rẹ́ tó bá a lọ, kì í ṣe nípa òun nìkan. Ṣé ọ̀rẹ́ náà ní bíkọ̀n lára, ó ní ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, ó ní ṣọ́bìrì? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti fi wọ́n ṣe ìdánrawò pọ̀? Bíkọ̀n ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ àyà, tó ń ké sí ara wọn lórí ìgbì rédíò 457 kHz. Gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, orí ìyẹn ló ń ké. Ẹni tó bá wà lábẹ́ yìnyín kò lè fa ara rẹ̀ yọ, ó ń le gírígírí yí èèyàn ká bí ó bá ti dúró. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sábà máa ń yè. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí ń yára dín kù torí èémí. Hẹlikọ́pítà kò lè dé láàárín àsìkò yẹn. Ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ní, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bi í nípa ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa avalanche kì í gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ta á lọ́rẹ ọdún Kérésì, mà, owó ẹ̀kọ́ yẹn ni kí ẹ san. Kó tó dìgbà náà, ẹgbẹ́ Friends of Berthoud Pass máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́.


Onísíkì Loveland

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa jù. Ọdọọdún ni mo ń lọ sí Loveland Pass ní Colorado ní oṣù Kọkànlá. Bí mo bá dé, ojú ọ̀nà síkì àwọn ẹlòmíràn á ti kún ojú òkè, gbogbo wọn ti yọ̀ wálẹ̀ ní àlàáfíà. Yìnyín tó kéré báyìí, kí ló fẹ́ ya?


Nọ́ọ̀sì Salt Lake

Àbúrò, ọkùnrin tí mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, ojú ọ̀nà síkì wà lórí ibi tó ti ya. Mo fojú mi rí wọn, yìnyín já wọn sí méjì.

Ìdí ni pé yìnyín kò nípọn bákan náà lójú òkè kan. Níbi tó bá nípọn, ìwúwo rẹ kò ní dé ìsàlẹ̀. Ẹni mẹ́rin lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni karùn-ún á tẹ̀ sẹ́bàá òkúta kan tí yìnyín fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ìpele oníhóró tààrà, gbogbo rẹ̀ á sì ya, títí kan ibi tó nípọn tí àwọn mẹ́rin gbà. Ní àkọ́rọ̀, irú ibi tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù, torí gbogbo òkè ló fẹ́lẹ́.


Ọmọ Ìdànrè, Denver

Mo dúpẹ́, Nọ́ọ̀sì. Àbúrò Loveland, n kò bínú rárá, ó dára kí a sọ ọ́ jáde. Ní ti pé kí ló fẹ́ ya: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2017, nígbà tí ọ̀pọ̀ onísíkì kò tíì gbé síkì jáde láti inú yàrá ìkẹ́rù, ọmọbìnrin kan kú sábẹ́ avalanche lórí Imp Peak ní Montana. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ mọ òkè dáadáa, wọn kì í ṣe ọmọ àná níbẹ̀.

Bí a bá sì wá ní yìnyín àkọ́rọ̀ kékeré kò pa wá, kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí yìnyín mìíràn bá bò ó. Sheep Creek kò jìnnà sí Loveland Pass tí ìwọ ń lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2013, avalanche gbé èèyàn mẹ́fà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Oṣù Kẹrin o, nígbà tí ìrúwé ti dé ní Denver! Ìpele oníhóró tó wà nísàlẹ̀ náà ló ṣì já. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ lónìí, a ó máa bá a gbé títí di ìrúwé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ gé yìnyín wò láti ìsinsìnyí, kí n lè mọ ibi tí oníhóró wà kí ìjì tó bò ó mọ́ mi lójú.


Ará Aberdeen

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i láti Scotland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, n kì í gun síkì púpọ̀. Òkè tiwa kò ga bíi tiyín, yìnyín wa sì ń yọ́, ó ń dì, ó tún ń yọ́, kì í pẹ́ kó tó di oníhóró bẹ́ẹ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wa. Ní Cairngorm, yìnyín lè má bọ́ rárá lóru, kí afẹ́fẹ́ sì kó ti àná láti orí òkè tó tẹ́jú, kó dà á sínú kòtò òkè bíi Coire an t-Sneachda ní wákàtí díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn á ràn, ojú ọ̀run á mọ́, gbogbo rẹ̀ á lẹ́wà lójú.

Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo bá pàdé ní ìparí oṣù Kọkànlá. Bí mo ṣe ń gun etí kòtò náà, bàtà mi kò rì mọ́, ó ń dún kòkòkò lórí yìnyín, mo sì gbọ́ pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yìnyín ṣẹ́ yí bàtà mi ká ní igun mẹ́rin gérégé, ó sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo fi ẹ̀yìn rìn padà lórí ojú ẹsẹ̀ mi títí mo fi kan òkúta. Nígbà náà, SAIS, àwọn tó ń gbé ìròyìn avalanche jáde níbí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún náà. Oṣù Kejìlá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde ṣáájú wọn, ojú àti etí rẹ̀ ló máa fi kà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo afẹ́fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn kí n tó kúrò nílé: ìhà tó ti fẹ́ wá, bó ṣe le tó. Ìhà òdì-kejì ibi tó ti fẹ́ wá ni yìnyín ń kó sí.


Onísíkì Loveland

Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ pé yìnyín kò nípọn bákan náà yẹn, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń lọ gé yìnyín wò, ṣé mo lè bá yín lọ?


Ọmọ Ìdànrè, Denver

Máa bọ̀, àbúrò. Ibi pẹrẹsẹ la ó ti gé e, a kò ní gun ibi tó dà. Màá fi bí a ṣe ń gé òpó yìnyín hàn ọ́, èyí tó fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn sẹ́yìn ní 30. Wàá fi ọwọ́ lu ṣọ́bìrì lórí rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹwàá láti ọrùn ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láti ìgúnpá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láti èjìká. Bí ó bá là gba gbogbo ìbú òpó náà já lẹ́ẹ̀kan, o ti rí ìdáhùn rẹ. Bí kò bá là, kò túmọ̀ sí pé òkè ti dára. Òpó kan péré la gé.

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó pè mí, kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ó kọ́kọ́ sin bíkọ̀n sábẹ́ yìnyín nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí, a ó máa wá a lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kí oníkálukú mú bátìrì tuntun dání, kì í ṣe èyí tí a máa ń fi iná cháàjì. Kò sí bátìrì tó ń kú lójijì tó irú ìyẹn o. Ìbọ̀wọ́ méjì méjì, tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Ọ̀pá àti ṣọ́bìrì, mo ní èyí tí mo lè yá ẹni tí kò bá ní.